Àga Tí Wọn Ò Tú Dé Igi

Gbogbo àga onítìmùtìmù ló máa ń mí. Ẹ lọ jókòó sí èyí tó wà nílé yín, ẹ dákẹ́ dáadáa, ẹ máa gbọ́ ọ. Tìmùtìmù á rọra wọlẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á jáde, họ̀ọ̀ọ̀, bí àgbàlagbà tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ìyẹn ò burú. Èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Màmá Tìmùtìmù ni tiẹ̀ yàtọ̀, torí ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí i ló ń mí.

Kíá ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìnagijẹ ni Kíá o, torí ọmọbìnrin yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra ṣe nǹkan. Tó bá ń jẹun, kíá. Tó bá ń gbàdúrà, kíá, àmín á ti bọ́ lẹ́nu ẹ̀ kí àwọn tó kù tó dijú tán. Nílé, tí àbúrò ẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé bá ń fa ẹsẹ̀, Kíá á máa fi ṣíbí lu tábìlì títí ọmọ yẹn á fi dìde. Iṣẹ́ àga ló ń kọ́ lọ́dọ̀ Màmá Tìmùtìmù: wọ́n á tú àga tó ti gbó, wọ́n á tún inú ẹ̀ ṣe, wọ́n á fi aṣọ tuntun bò ó. Màmá yìí kan náà ló ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé Jésù. Láràárọ̀, kí wọ́n tó mú sísọ́ọ̀sì, orí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ ni wọ́n ti máa ń ka Bíbélì. Lójú Màmá, iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì.

"Inú ni iṣẹ́ wà," wọ́n á ní. "Aṣọ ò ṣòro. Ta ni ò lè bo nǹkan?"

Ìyá kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé nílé ìwé, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà, ló ni àga tí mò ń sọ yìí. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn gbé e sọ̀ sáàárín ṣọ́ọ̀bù, àwọn fúnra wọn wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni tó fa ajá tó ti bù ú jẹ rí wá. Àga ńlá ni. Apá ẹ̀ fẹ̀, igi ẹ̀ pọ́n, ó ń dán. Àmọ́ ìjókòó ẹ̀ ti jìn lápá òsì, ó ṣe kòtò, bíi pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ ni.

"Irú aṣọ wo lẹ fẹ́, Tíṣà?" Màmá bi wọ́n.

"Aṣọ kọ́ ló ká mi lára, Màmá. Inú ẹ̀ ni. Ẹ bá mi kó gbogbo ẹ̀ dànù. Bàbá tó bí mi ló fọwọ́ ara wọn gbẹ́ igi yẹn, wọ́n fi ta mí lọ́rẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Mi ò jókòó sí i rí."

"Kẹ́ ẹ má jókòó sí i rí kẹ̀?"

"Baálé mi ló gbà á. Tí wọ́n bá ti jókòó, wọ́n á fì sí òsì báyìí, wọ́n á wá máa fi òrùka kan apá àga. Ko, ko, ko. Mo gbọ́dọ̀ ti dìde kó tó dákẹ́. Tí mi ò bá tíì dìde, wọ́n á ní, 'Ṣé mo máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ni?'" Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. "Wọ́n ti kú, a ti sin wọ́n, àga yìí nìkan ni ò tíì gbọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà wọlé ara mi nítorí ẹ̀. Mo kàn fẹ́ jókòó sínú àga bàbá mi kí n tó kú ni. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Wọ́n nawọ́ sí aṣọ aláwọ̀ ewé kan, wọ́n ní àwọn á wá gbé e ní Sátidé.

Wọn ò tíì dé títì tí fóònù Màmá fi dún. Ọmọ wọn ti bímọ. Màmá jó, wọ́n yọ, wọ́n di ẹrù àtilọ tọ́jú ọmọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ jáde, wọ́n pe Kíá.

"Àga Tíṣà yẹn, ìwọ lo máa ṣe é."

"Èmi nìkan, mà?"

"Ìwọ nìkan. Tú u dé igi. Mi ò ní kó o tú u dé ibi tó bá wù ẹ́ o. Kí àtẹ́lẹwọ́ ẹ kan igi. Nǹkan kejì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó sí i kí Tíṣà tó jókòó sí i. Títí kan ìwọ náà."

"Kí ló dé, mà?"

"Ṣé ìgbà tí mo bá ṣàlàyé tán lo tó máa ṣe é?"

"Rárá o, mà."

"Ṣe é ná. Tó o bá ṣe é, á yé ẹ."

Ní Ọjọ́rú, Kíá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó yọ ìṣó, ó ká aṣọ òkè kúrò, ó ká èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bá òwú àtijọ́ pàdé. Òwú náà ti ki mọ́ra, ó ti dúdú, wọ́n fi okùn dì í mọ́ sípíríǹgì, kókó lórí kókó. Kó tó tú ìyẹn dé igi, ilẹ̀ á ti ṣú. Ilẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ṣú bá a níbẹ̀, torí àwọn akọrin ń dúró dè é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló máa dá orin kọ ní Sọ́ńdè, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fún un nìyẹn. Àbí iṣẹ́ Olúwa ni èèyàn á wá fi falẹ̀ nítorí òwú? Ó fọwọ́ tẹ òwú yẹn wò. Ó le dáadáa. Ó ṣì dára. Ta ló máa mọ̀? Ó gé fóòmù tuntun, ó tò ó sínú kòtò yẹn títí tó fi tẹ́jú, ó na aṣọ aláwọ̀ ewé tí Tíṣà yàn lé e, ó kàn án pa. Nígbà tó ṣe tán, àga náà rẹwà débi pé òun fúnra ẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún ara ẹ̀.

Káfíńtà, bàbá kan tó ń bá wọn tún igi àga ṣe ní yàrá kejì, yọjú.

"Háà! O ti parí ẹ̀? Èmi tí mi ò tíì rí igi ẹ̀ kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

"Igi ẹ̀ wà níbẹ̀, bàbá. Kò sá lọ."

"Mi ò ní ó sá lọ. Mo ní mi ò rí i."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fá pákó yín. Mò ń lọ kọrin fún Olúwa."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi ò sí níbẹ̀. Etí mi nìkan ló wà níbẹ̀."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Kíá ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Àga yẹn kọjú sí i. Ìjókòó ẹ̀ ti jìn lápá òsì. Kòtò àná yẹn gan-an ni. Aṣọ tuntun ti wọnú ẹ̀, ó sùn síbẹ̀ láìhunjọ, bíi pé ẹnìkan tó wúwo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kó lè wá ṣílẹ̀kùn fún un.

Ó fọwọ́ gbá a, ó fà á sókè, ó tẹ́jú. Ó yíjú kó mú ìgbálẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ ló ti gbọ́ ọ.

Họ̀ọ̀ọ̀.

Nígbà tó máa wẹ̀yìn, kòtò ti wà níbẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní oòrùn ni. Ó wo ilẹ̀. Oòrùn ò tíì dé apá ibẹ̀.

Ó pe Káfíńtà. Wọ́n wò ó lọ, wọ́n wò ó bọ̀.

"Ta ló jókòó síbí?"

"Kò sẹ́nì kankan, bàbá."

"Kò-sẹ́nì-kankan yẹn mà sanra o."

Kíá ò lè rẹ́rìn-ín. Káfíńtà pàápàá, ẹ̀rín wọn ò pẹ́ lẹ́nu wọn. Nígbà tó yá, Kíá rí i pé wọ́n ti yí tábìlì iṣẹ́ wọn pa dà kí ẹ̀yìn wọn má bàa kọ sí àga yẹn.

Ẹ̀mí búburú ni! Ohun tí Kíá pinnu nìyẹn. Ó mú òróró, ó dúró síwájú àga, ó ká apá aṣọ ẹ̀ sókè. "Mo pàṣẹ fún ẹ, jáde! Mo ní jáde! Kíá!" Ó pariwo títí ohùn ẹ̀ fi há, ohùn tó fẹ́ fi kọrin ní Sọ́ńdè. Ó da òróró sórí apá àga. Aṣọ mu ún gbì, ó di àbàwọ́n tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Kòtò yẹn náà ò kúrò.

"Kíá," Káfíńtà pè é láti yàrá kejì, "ṣé àga lo ń kọ́ ní ìgbọràn ni?"

Ó di dandan kó pe Màmá.

"Màmá, ẹ bá wa gbàdúrà. Nǹkan kan wà nínú àga yìí." Ó ro gbogbo ẹ̀, kòtò, ooru, èémí. Màmá ò dá a lẹ́nu. Ọmọ tuntun yẹn ń ké lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún.

"Kíá, ṣé o tú u dé igi?"

Ó yẹ kó sọ òótọ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹnu ẹ̀ náà, kíá ló máa ń ṣe. "Mo tú u, mà."

Lẹ́yìn ẹ̀ níbẹ̀, àga náà mí. Èyí tó mí lọ́tẹ̀ yìí gùn, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, bí ẹni tó jẹun yó.

"Kí ló dún yẹn?" Màmá bi í.

"Atẹ́gùn ni, mà."

"Hẹn. Má gbàgbé ọ̀rọ̀ kejì tí mo sọ fún ẹ."

Ọjọ́ Ẹtì dé. Tíṣà ń bọ̀ lọ́la. Kíá ti gbá àga, ó ti fi igi ràn án, ó ti gbé òkúta lé apá ọ̀tún kí ìjókòó lè wá sí déédéé. Òkúta yí bọ́ sílẹ̀. Ó wá rò ó wò: òkúta ò lè jókòó, èèyàn ló lè jókòó. Tóun bá jókòó sápá ọ̀tún tóun sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ṣé apá òsì ò ní gbéra ni? Kì í kúkú ṣe ìjókòó ìgbádùn. Iṣẹ́ ni.

Ló bá jókòó.

Ẹ gbọ́ o, kò jókòó sí òsì. Ọ̀tún ló jókòó sí. Àmọ́ kó tó mí lẹ́ẹ̀kan, ó ti wà ní òsì, ó ti fì, kòtò yẹn ti gbà á wọlé láti ìdí dé ìgúnpá, kò fẹ̀ jù ú lọ, kò há jù ú. Òórùn tábà ń jáde lábẹ́ aṣọ tuntun. Ara sì tù ú. Ìyẹn ló burú níbẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò jókòó sí ibi tó tù ú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ko, ko, ko.

Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ìka ẹ̀ ló ń kan apá àga. Kò wọ òrùka kankan, irin ló sì ń dún.

Káfíńtà yọjú. "Ta ló ń kan nǹkan?"

"Omi," ni Kíá wí.

"O ní kí ni?"

"Mo ní omi. Ṣé mo máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ni?"

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, sí àgbàlagbà tó lè bí ìyá ẹ̀! Káfíńtà ò bú u. Wọn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n kàn rọra fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. "Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn?"

Kíá fẹ́ sọ pé òun kọ́. Ó fẹ́ sọ pé ohùn ọkọ Tíṣà ni. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohùn ọkùnrin kankan. Ohùn ara ẹ̀ ló gbọ́, ohùn tó máa ń jáde nílé tí ṣíbí bá ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ tí àbúrò ẹ̀ sì ń fa ẹsẹ̀. Àga ò yá a lóhùn. Ó kàn bá a wá ibi tó ti máa fẹ̀yìn tì sọ ọ́ ni.

Ó fọwọ́ méjèèjì ti ara ẹ̀ sókè. Ìjókòó yẹn ò tètè fẹ́ fi í sílẹ̀. Nígbà tó dìde tán, ó kúnlẹ̀ síwájú Káfíńtà.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò tú u dé igi."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Mo bẹ abẹ́ ẹ̀ wò, mo rí okùn àtijọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n ní kí ni? Màmá ti sọ ọ́ fún ẹ. Ṣé tèmi lo fẹ́ gbọ́ tí o ò gbọ́ tiwọn?"

Ó mú fóònù. Màmá ò tíì ní "hẹ́lò" tán tó fi sọ ọ́. "Irọ́ ni mo pa fún yín, mà. Mi ò tú u dé igi. Mo sì ti jókòó sí i."

"Mo mọ̀ nípa irọ́ yẹn."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Mo gbọ́ ọ tó mí," Màmá wí. "Dìde, ọmọ mi. Tú u dé igi."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni àwọn akọrin fẹ́ gbìyànjú orin kẹ́yìn. Kíá pe olórí akọrin, ó ní kí wọ́n fún ẹlòmíì kọ. Olórí akọrin pariwo: "Nítorí àga? Àga lásán!" Kíá ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí àga. Ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú irin tí wọ́n fi ń yọ ìṣó.

Ó ká aṣọ aláwọ̀ ewé, kò ya á. Ó kó fóòmù. Ó dé ọ̀dọ̀ òwú dúdú yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn, kókó kan lẹ́yìn òmíì. Nígbàkígbà tí ọwọ́ ẹ̀ bá fẹ́ yára, kókó á tún fún. Tó bá rọra, á tú. Kò kọrin, kò pariwo, ó kàn ń tú kókó. Nígbà tó yá, ó rí i pé àdúrà lòun ń gbà látìgbà yẹn, òun ò sì tíì ṣe àmín.

Odidi ni òwú náà jáde. Ó gbé e sílẹ̀, kò tú ká. Ó dúró bó ṣe wà: ojú ìdí, ojú itan méjì, ojú ìgúnpá òsì. Káfíńtà ní kó má wò ó. Kíá gbé e mọ́ra lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó wúwo bí ọmọ tó ti sùn, ó sì lọ́ bẹ́ẹ̀. Káfíńtà ló ṣáná sí i. Ó pẹ́ kó tó gbaná. Nígbà tó gbà á, ó mí lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn méjèèjì gbọ́ ọ.

Nígbà tó pa dà wọlé, ó ki ọwọ́ bọ inú àga. Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ kan igi.

Igi yẹn tutù. Ó sì jọ̀lọ̀. Inú lọ́hùn-ún, lábẹ́ lọ́hùn-ún, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò lè dé láéláé, bàbá Tíṣà ti fá igi náà títí tó fi dán bíi ti ìta. Káfíńtà náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n mi orí. "Ta ni bàbá yìí rò pé ó máa wò ó?" wọ́n wí jẹ́jẹ́.

Kíá tún fọwọ́ pa igi náà. Ó ti yé e.

Ó bẹ̀rẹ̀ látorí igi: sípíríǹgì tuntun, okùn tuntun, òwú tuntun, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń rán an, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, láìfo ìkankan. Ní Sátidé, bí Màmá ṣe ń sọ àpò kalẹ̀ ni Tíṣà ń wọlé.

Tíṣà dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ó ti tán?"

"Ó ti tán, mà," Kíá wí. "Àmọ́ àbàwọ́n wà lápá ẹ̀. Èmi ni mo da òróró sí i. Mi ò tú inú ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, mo wá ń bá a jà. Mo tún jókòó sí i kẹ́ ẹ tó dé. Mo ti wá tú u báyìí. Ọwọ́ mi kan igi."

Tíṣà wo Màmá. Màmá nawọ́ sí àga.

Tíṣà rìn dé ibẹ̀. Wọ́n yí àga po. Wọ́n fọwọ́ kan àbàwọ́n yẹn. Wọ́n yí pa dà, wọ́n dijú, wọ́n jókòó. Àga mí, èémí kúkúrú, bí àga ṣe ń mí. Gbogbo wa á ti sá ká ní a wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n jókòó síbẹ̀, àárín gan-an, wọ́n ń tẹ́tí. Ọwọ́ wọn wà lórí apá àga. Ìka wọn ò mira.

"Ẹ bá mi wò ó," wọ́n wí, wọ́n dìde.

Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ wo ìjókòó yẹn. Ó rọra ń gòkè, ó ń gòkè, ó tẹ́jú bí omi inú agbada. Wọ́n dúró títí. Kò jìn mọ́.

Tíṣà tún jókòó, omi bọ́ lójú wọn. "Ó le díẹ̀ o."

"Á rọ̀, mà," Kíá wí. "Ẹ̀yin lẹ máa jókòó rọ̀ ọ́."

Ní Sọ́ńdè, ẹlòmíì kọ orin yẹn. Ó kọ ọ́ dáadáa, àfi ibì kan. Kíá délé, ó jókòó sídìí tábìlì, ó rẹ̀ ẹ́, òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́. Àbúrò ẹ̀ wà lórí àga kejì, ó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ di irun ara ẹ̀.

Ko, ko, ko.

Kò sí ṣíbí lọ́wọ́ ẹ̀. Kíá wo ìka ara ẹ̀ lórí tábìlì. Àbúrò ẹ̀ ti dìde, ojú ilẹ̀ ló ń wò, kò tiẹ̀ dúró kó dákẹ́. Nísàlẹ̀ àyà Kíá níbẹ̀, lábẹ́ aṣọ Sọ́ńdè, nǹkan kan mí. Họ̀ọ̀ọ̀.

Ó fi ọwọ́ kejì bo ìka yẹn mọ́lẹ̀. Ìka náà ṣì ń mira lábẹ́ ẹ̀.

"Jókòó, àbúrò mi."

"Àǹtí, ṣé kì í ṣe omi lẹ fẹ́ ni?"

"Omi ni. Èmi ni mo fẹ́ ẹ, èmi ni màá lọ bù ú. Ṣé kí n bu tìẹ náà?"

Ọmọ yẹn wò ó bí ẹni tí kò dá a mọ̀. Kíá dìde. Ó rìn lọ síbi tí omi wà, kò yára, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ìkejì, bí ẹni tó ń tú kókó.